Test::More mi, ilé-iṣẹ́ sáfà, àti àǹtí tó gbà mí sílẹ̀

Ẹ ò ní ka ọ̀rọ̀ iye RAM tàbí bí díìsìkì ṣe ń yára níbí. Ọ̀rọ̀ Test::More, irinṣẹ́ tí à ń fi yẹ kóòdù èdè Perl wò, ló bí mi nínú.

CentOS 7, irú Linux kan, ló wà lórí sáfà tí mo ń yá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Perl 5.16.3 ló wà níbẹ̀, Test::More 0.98 ló sì bá a wá. Èlé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo ń fi ṣírò, n kì í sì í fi owó ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ tí gbogbo àyẹ̀wò ò bá tíì sọ "ok". Nínú 0.98, tí àyẹ̀wò bá ní àwọn kéékèèké nínú, orúkọ rẹ̀ kì í jáde àfi tó bá parí. Tó bá kú sójú ọ̀nà, wá a tì. Ti tuntun máa ń kọ "# Subtest:" pẹ̀lú orúkọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo wá kọ̀wé sí wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ọ̀nà CPAN, ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ Perl sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún mi kí n gba Test::More tuntun, inú àkáǹtì tèmi ni mo máa gbé e sí. Ẹ má fọwọ́ kan Perl tí sáfà ń lò." Bọ̀dá kan fèsì: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Yum ní kò sí ohun tuntun." Yum ni CentOS fi ń gba sọ́fítíwià. Kò lè sí náà! Ìtọ́jú CentOS 7 ti parí láti 30 oṣù Kẹfà 2024. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ó ti yé mi sà."

Kò yé e. Ó lọ da fódà Test tuntun lé ti àtijọ́ nínú /usr/share/perl5, ó sì fi fódà Test2 sílẹ̀. Láti 1.302, tó jáde ní 2016, orí Test2 ni Test::Builder, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ Test::More, dúró sí. Bíi mẹkáníìkì tó gbé ẹ́ńjìnnì wọ ọkọ̀ láìso ẹ́ńjìnnì síìtì. Ibi tí mo bá yà sí, "Can't locate Test2/Util.pm in @INC" ni, ìyẹn ni pé Perl ò rí fáìlì Test2 nínú @INC, àwọn fódà tó ti ń wá nǹkan. Bẹ́ẹ̀ láti Perl 5.12 ni @INC ti ń kọ́kọ́ wo àyè site, ibi tí à ń fi ohun tuntun sí, kó tó kan ti Perl fúnra rẹ̀. Kí ló gbé e débẹ̀?

Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Sà, kóòdù yín ló níṣòro. Ẹ ò ṣe ra pákéèjì tó tóbi jù yìí?" Orí mi gbóná.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni àǹtí kan láti ilé-iṣẹ́ náà pè mí. Kò bá mi jiyàn rárá. Mo ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún un, ó mí kanlẹ̀. "Ta ló lọ fọwọ́ kan ibẹ̀? Ẹ má bínú sà, ẹ má pa fóònù." Ó ṣe rpm -V perl-Test-Simple (pákéèjì tí Test::More wà nínú rẹ̀), gbogbo fáìlì tí wọ́n ti yí padà sì tò jáde, ó dá wọn padà. Ó ṣí ọ̀nà CPAN, ó ní kí n tẹ cpanm -l ~/perl5 Test::Simple kí n fi gbé e wọ àkáǹtì mi, kí n sì fi PERL5LIB na ~/perl5/lib/perl5 kí Perl lè rí i níbẹ̀. Kò gbé fóònù sílẹ̀ títí mo fi tẹ prove -v láti ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Orúkọ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń jáde lókè, ó wá kan "Result: PASS". Àwa méjèèjì jọ pariwo ni! N kì í sábà rí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ju oníbàárà lọ, tí kò sì fi fọ́nnu.

Àfi bí ìwé owó ṣe dé lọ́jọ́ kejì: wọ́n kọ "iṣẹ́ àkànṣe" síbẹ̀. Ẹ bà á jẹ́, ẹ tún un ṣe, èmi ni kí n wá sanwó? Mo ti ń kó ẹrù mi lọ síbòmíì.

Máàkì: 4 nínú 5. Àǹtí yẹn ló ni gbogbo ẹ̀.