Ọ̀sẹ̀ Ọ̀gbìn tàbí Ọ̀sẹ̀ Àlọ́ fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́?

Nígbà tí ilé-ìwé bá ti pa fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ní ìparí oṣù Keje, àwọn òbí a máa bèèrè ohun tí ọmọ ọdún 3 sí 6 lè ṣe nílé. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ fi wéra: kí a ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀gbìn, tàbí fún àlọ́ Ìjàpá.

Àlọ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ọ̀gbìn náà kò sì wọ́n, nítorí agolo mílíìkì tí a lu nídìí, ilẹ̀dú díẹ̀ àti ẹ̀wà ìkúnwọ́ kan ti tó.

Àlọ́ kan kì í ju alẹ́ kan lọ, bí ọmọ tilẹ̀ lè máa kọ orin inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ti ẹ̀wà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi hù, ọmọ tí ó sì ń bomi rin ín yóò fojú ara rẹ̀ rí bí ewé ṣe ń yọ, èyí tí mo kà sí ẹ̀kọ́ tí ẹnu lásán kò lè kọ́ni. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀: ọmọ kékeré lè ki hóró ẹ̀wà bọ imú tàbí etí, ẹ̀fọn sì lè yé ẹyin sínú omi òjò tí ó bá dúró sínú agolo.

Bí òbí bá ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, àlọ́ ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Níbi tí ìyá àgbà bá wà nílé lọ́sàn-án láti máa ṣọ́ wọn, tí oòrùn sì ń dé ẹ̀yìnkùlé, ọ̀gbìn ni kí wọ́n mú.