Final Fantasy VII Remake lójú aránṣọ Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó náwó: ìtàn inú géèmù yìí kò parí síbẹ̀. Ti àtijọ́, èyí tó jáde sórí PlayStation àkọ́kọ́ lọ́dún 1997, díìsìkì mẹ́ta ni, ó sì gbé wa káàkiri gbogbo ayé wọn. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2020, ìlú Midgar nìkan lẹ máa rí. Ibi tá a fi wákàtí díẹ̀ sáré kọjá nígbà yẹn ló wá di odindi géèmù, orí 18.

Aránṣọ ni mí, ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Mo mọ ohun tójú ń rí téèyàn bá fẹ́ sọ aṣọ tó há di fífẹ̀. Tó o bá rí àjákù aṣọ tó bá a mu, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó ò bá rí, ojú rírán á máa hàn.

Ibi tó bá a mu jù ni ti Jessie, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa. Láyé ọjọ́un, ó kàn ń ṣàwàdà díẹ̀ ni, ó parí. Nísinsìnyí, ní orí kẹrin, a gun alùpùpù lóru lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbé pizza fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú pálọ̀, Cloud, ẹni tá à ń darí, sì yọ́ wọ yàrá lọ jí káàdì iṣẹ́ bàbá. Bàbá náà nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, mako, agbára inú ilẹ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Shinra, ti sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ̀ bóyá ẹnì kan wọlé. Mo gbé páàdì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ibi tí ojú rírán ti hàn ńkọ́? Orí kẹfà, tá a ń rìn lábẹ́ páànù ńlá tó gbé ìlú dúró, tá a ń pa iná kan tan òmíràn. Ilé ìwádìí Hojo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Shinra, nígbẹ̀yìn, ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọdé kan tún ní kí Cloud, gbogbo idà gbàǹgbà ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn, bá òun wá ológbò. Ẹ gbà mí o.

Ṣùgbọ́n Wall Market, àdúgbò fàájì inú Midgar! Madam M, obìnrin kan níbẹ̀, ní mílíọ̀nù kan gil, owó tiwọn, lòun máa fi múra fún Aerith, ọmọbìnrin tó ń bá Cloud rìn. Ẹ̀rín pa mí. Kí àwọn oníbàárà mi tó ń ná owó iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nígbà Ojúde Ọba wá gbọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe fáwọn ará àdúgbò ló máa sọ irú aṣọ tí Aerith àti Cloud máa wọ̀. Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí aṣọ pupa Aerith, fíríìlì ìpele-ìpele. Mo dá a dúró, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo wò ó dáadáa. Ẹni tó yà á mọ aṣọ.

Ìjà kì í ṣe ti kó o lù mí kí n lù ọ́ mọ́. Ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín lù wọ́n, tí ATB, ìyẹn ìlà tó ń kún bẹ́ ẹ ṣe ń jà, bá sì kún, ẹ lè paṣẹ nígbà tí nǹkan ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Tí abẹ́rẹ́ bá ti dá ọwọ́ mi lágara, «Classic» ni mo ń yàn, wọ́n á máa jà fúnra wọn, èmi á kàn máa paṣẹ. Lẹ́yìn ìjà, Barret, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Cloud, á fẹnu kọ orin ìṣẹ́gun àtijọ́ yẹn. Ìyẹn nìkan tó owó tí mo san.

Àwọn iwin eléérú tí wọ́n fi sí i, tó ń dí wa lọ́nà ṣáá, mi ò fẹ́ràn wọn. Orin Uematsu, ẹni tó kọ orin ti àtijọ́, ni mo fi tu ara mi nínú.

Ẹ ra ti díìsìkì, ẹ má fi dátà gbé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100GB. Díìsìkì méjì ló wà nínú páálí, ọ̀kan fún gbígbé e sínú PS4, èkejì fún ṣíṣeré. Ẹ ṣí i lójú ẹni tó ń tà á. Ẹni tó ta tèmi fi ọ̀kan pamọ́, ó di àríyànjiyàn. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, kò sí wàhálà púpọ̀, ọ̀pọ̀ ibi lẹ ti lè fi eré pamọ́ tí ìjà ò bá sí.

Apá kejì, Rebirth, jáde fún PS5 ní oṣù kejì 2024. Kò dé orí PS4 wa. Onígéèmù kan ti dá iye tí PS5 jẹ́ lé mi, mo ní kó jẹ́ kí Iléyá kọjá ná, àwọn ẹgbẹ́ regbẹ́rẹgbẹ́ kan ò tíì san owó iṣẹ́ mi.