Ìwé ìtàn Oxford Bookworms: ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, gírámà rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́

Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún ni wọ́n ṣe àwọn ìwé yìí fún, ó sì bá ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé mu gan-an. Ìpele mẹ́fà ni, yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 400 ni wọ́n fi kọ ìpele 1, 700 ni ti ìpele 2, ó wá ń gòkè títí dé 2,500 ní ìpele 6.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àárín ìwé náà, kí ọmọ ka ọ̀rọ̀ 100, kó fàlà sí ìdí èyí tí kò mọ̀. Bí kò bá ju méjì lọ, ó lè dá a kà. Bó bá tó márùn-ún, ẹ mú ìpele tó kéré sí i, àbí kí olùkọ́ jókòó tì í. Ìwádìí tí Hu àti Nation, àwọn onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, gbé jáde lọ́dún 2000 fi hàn pé ẹni tó bá mọ nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ni ìtàn máa ń yé dáadáa láìsí ìrànlọ́wọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ nìkan kọ́. Láti ìpele 4 ni irú gbólóhùn yìí ti ń wọlé: "The boy was beaten by his teacher." Ọmọ mọ boy, ó mọ beat, ó mọ teacher, síbẹ̀ yóò ní ọmọ náà ló na olùkọ́. Kò yà wá lẹ́nu: nínú Yorùbá, ẹni tó ṣe nǹkan ló ń ṣíwájú, "olùkọ́ na ọmọ" tàbí "wọ́n na ọmọ" là ń wí. Dikíṣọ́nárì ò ran èyí. Ẹ ní kó fi ìka tẹ "was" àti "by", kó sọ ẹni tó na ẹnìkejì, kó tó kà lọ. He àti she náà ń da ìtàn rú, torí "ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin. Bí ìjíròrò bá gùn, ẹ bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Àbùkù kan ni pé Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé. Ní ìpele 1 àti 2, àfi kí àgbàlagbà wà nítòsí.

Ẹ ra mẹ́ta mẹ́rin ní ìpele kan náà kí ẹ tó gòkè, kí ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn kan náà lè máa pàdé ọmọ léraléra.