Súìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village: ó ń ṣe OSPF o, àmọ́ ẹ yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá Cisco Catalyst 3560 tòkunbọ̀ ṣì dáa rà, mo ra mẹ́ta ní Otigba, Computer Village yẹn náà, oṣù kẹta rèé tí mo ti ń lò ó, ẹ gbọ́ tẹnu mi. OSPF tí mo ní ó ń ṣe yẹn ni èdè táwọn súìṣì fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn.

Brọ̀dá tó tà á fún mi kàn ń sọ pé "ọ̀gá mi, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́". Mo ní kó fi iná sí i, mo so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, mo tẹ show version kí n fi mọ irú sọ́fúwíà tó wà nínú ẹ̀, méjì gbé ipservices jáde, ìkẹta ní ipbase lòun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ o, torí ipservices ni OSPF ti pé, ti ipbase lè má ní in rárá tàbí kí wọ́n ti gé e kù. Mo ní kó pààrọ̀ ẹ̀, ó fajú ro bíi pé mo bú ìyá ẹ̀, nígbà tó yá ló lọ gbé òmíràn wá látinú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀kan, bọ́tìnì Mode iwájú ẹ̀ ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń fi iná sí i, ibẹ̀ ni mo ti ráyè yọ ọ́ kúrò.

Lórí iṣẹ́ gan-an, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ẹ ṣáà rántí tẹ ip routing ná, òun ló ń jẹ́ kó máa darí ọ̀nà. OSPF máa ń jẹ́ kéèyàn pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí agbègbè-agbègbè, area ni wọ́n ń pè é. Mo fi ẹ̀ka wa ní Idumota àti Yaba sí area 0, mo fi sítọ̀ wa ní Mushin sí area 20, Yaba ló wà láàárín. Area 0 yẹn ló dà bí Oshodi, area tó bá fẹ́ dé area míì, ibẹ̀ ló máa gbà. Ká má parọ́, ibi mẹ́ta ò tó nǹkan téèyàn ń pín sí area, area 0 nìkan ì bá tó, àmọ́ ọ̀gá wa fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí i, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná Mushin, gbogbo súìṣì tó kù á tún máa ṣírò ọ̀nà látìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Mo fẹ́ sọ area 20 di stub, ìyẹn area tí wọn kì í kó gbogbo ọ̀nà ìta wọ̀. Mo kọ area 20 stub no-summary sórí ti Yaba, mo gbàgbé kọ area 20 stub sórí ti Mushin, bí mo ṣe tẹ Enter báyìí ni neighbor, ìyẹn àjọṣe OSPF láàárín súìṣì méjèèjì, já, torí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà pé stub ni area yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ hello tí wọ́n fi ń kí ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10 ò ní wọlé síra wọn. Mo ti ń wá bàtà kí n wọ danfo lọ Mushin, kí n tó rántí pé rédíò wáyálẹ́ẹ̀sì tó so wọ́n pọ̀ ò kú, mo bá gba orí súìṣì Yaba fúnra ẹ̀ wọ ti Mushin, mo fi stub sí i. Ní báyìí, dípò gbogbo ọ̀nà rẹpẹtẹ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni Yaba ń fi ránṣẹ́ sí Mushin, default, ìyẹn ọ̀nà tí Mushin ń gbà lọ síbikíbi tí kò bá mọ̀, ó sì tó o.

Cisco ti ṣíwọ́ títà ẹ̀ tipẹ́, ẹ má retí sọ́fúwíà tuntun, ẹ má sì gbé e kojú íntánẹ́ẹ̀tì láìsí fáyáwọ́ọ̀lù. Ariwo fáànù ẹ̀ náà ò kéré, àǹtí tó ń ṣe àkáǹtì ní Idumota ti gbé tábìlì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n láwọn ò lè máa jókòó ti jẹnẹrétọ̀ nínú ilé.