Liquid biopsy: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Tẹ́ẹ̀sì yìí, tí wọ́n fi ń wá DNA jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, dáa o, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ tí wọ́n kàn ń wá oògùn tó máa bá a mu. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró la ṣe é fún, ibi tí kókó ẹ̀ wà ò ṣeé ki abẹ́rẹ́ bọ̀, dókítà ní afẹ́fẹ́ lè jò níbẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rọ̀ wọ̀ọ̀, la bá ní kí wọ́n kúkú gba ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ gbígbà ò le, túùbù ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Èyí tó dáa ní oògùn nínú tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ kó tó dé láàbù. Tó bá jẹ́ túùbù EDTA lásán, èyí tí oògùn inú ẹ̀ kàn ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má dì, láàárín wákàtí díẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ DNA àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ á bo ti jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá sì ń mì í jìgìjìgì bí oògùn ikọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a dúró, ṣe ni wọ́n ń rọra dà á délẹ̀ dà á sókè.

Ègé DNA tí kókó ń já sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá, wákàtí mélòó kan ìdajì ẹ̀ ti lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó máa sọ bí kókó ṣe wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Tiwa gbé àyípadà kan jáde nínú jíìnì EGFR, níbi tí wọ́n ń pè ní exon 19, dókítà kọ oògùn oníhóró, a ò fojú kan kẹ́mò (chemotherapy). 2016 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú ẹ̀ àkọ́kọ́, cobas EGFR, kí Guardant360 CDx àti FoundationOne Liquid CDx tó dé ní 2020, àwọn yẹn ń wo jíìnì rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló wá gba ìràwọ̀ kan? Ìwé rìsọ́ọ̀tù yẹn ni jàre. Wọ́n kọ "not detected" (a ò rí i) gàdàgbà fáwọn jíìnì tó kù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá fi lẹ́tà tíntín kọ ọ́ sí pé kókó ṣì lè wà tí ò já DNA sílẹ̀ tó, pé kí wọ́n lọ gé ẹran ara wò tó bá ṣeé ṣe. Ta ló ń kàyẹn? Kókó inú ọpọlọ ńkọ́, ìyẹn kì í sábà fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tún lè ṣi ẹlòmíì mú, torí téèyàn bá ń dàgbà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń ní àyípadà jíìnì, bíi nínú jíìnì DNMT3A, láàbù tí ò bá yẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wò mọ́ ọn lè gbé e sọ́rùn kókó.

Ẹ̀yin tára yín le tẹ́ ẹ kàn fẹ́ yẹ ara yín wò, ẹ rọra. Shield, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí FDA fọwọ́ sí ní 2024 fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, fẹ́ni tó ti pé ọdún 45, mú 83% àwọn tó ní jẹjẹrẹ lóòótọ́, àmọ́ 13% péré ló mú nínú àwọn èèhù tó ti fẹ́ di jẹjẹrẹ, èyí tí kólónóskópì, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n ń kì bọ ìfun ńlá, ì bá rí kó sì gé dànù lójú ẹsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lo oògùn, ẹ bi dókítà ìgbà tó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín fún tẹ́ẹ̀sì yìí. Tí oògùn bá ṣì ń tẹ kókó rì, DNA ẹ̀ lè má tó nǹkan tí wọ́n máa rí, ìgbà tó bá tún ń gbérí ló máa ń pọ̀.