Àwòrán yìnyín tí wọ́n pa gọ́ọ̀mù lé lórí

Ọ̀dà ilé ni mo ń kùn jẹun n'Ìbàdàn níbí. Iṣẹ́ tèmi ni kí ojú búrọ́ọ̀ṣì má hàn rárá. Bí oníbàárà bá rí ìlà kan ṣoṣo lára ògiri, àtúnkùn ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àwọn ayàwòrán tó ń jẹ́ kó hàn.

Mo ní kí ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà bá mi tẹ The Magpie, iṣẹ́ Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, sórí kánfáàsì. Ìgbà òtútù 1868 sí 1869 ló yà á, nítòsí Étretat ní ilẹ̀ Faransé. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ẹyẹ kan tó jọ kannakánná wa sì bà sórí géètì onígi. Wọn ò gbà á wọlé síbi Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ti Paris, ní 1869. Lónìí, Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, ló wà.

Férémù wọn dáa, igi gidi ni. Àwọ̀ náà yọ: òjìji ọgbà tó sùn sórí yìnyín jẹ́ búlúù bó ṣe yẹ kó jẹ́. Wọ́n gé díẹ̀ kúrò lókè kó lè bá férémù mu, mo fara mọ́ ìyẹn.

Gọ́ọ̀mù ni mi ò fara mọ́. Kó lè dà bí iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù kan tí kò láwọ̀ lé e lórí. Ẹni tó pa á ò tiẹ̀ wo àwòrán! Òsì sí ọ̀tún ló ń fà á, títí dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Monet ń yà ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé: funfun tó nípọn ló gbé ka orí ẹ̀ka igi àti ọgbà, ti ilẹ̀ sì jẹ́ kéékèèké, tòun ti búlúù àti yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú nínú funfun náà. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba fèrèsé wọlé, ìlà gọ́ọ̀mù nìkan lẹ máa rí, ó la ẹyẹ náà já gbọọrọ.

Mo bi ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kó ṣáà ti máa dán ni àwọn èèyàn ń fẹ́."

Ẹ lè ra ọjà wọn o, àmọ́ ẹ tètè sọ pé ẹ ò fẹ́ gọ́ọ̀mù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ á dín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Wọ́n á gbé e wá sílé fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá ìṣó.