Òkúta Mpape fún etí odò tí àgbàrá ń jẹ

Ẹni tí àgbàrá ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ l'Ábújá kò nílò kó wá òkúta tí yóò tò sí etí odò lọ jìnnà. Gíránáìtì tí wọ́n ń fọ́ ní Mpape dára gan-an: ó le, ó wúwo, etí rẹ̀ sì mú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n di ara wọn mú. Òkúta odò tó ń dán kìí ṣe bẹ́ẹ̀, yíyí ló máa ń yí lọ.

Kí típà tó da ẹrù, ẹ fi òòlù lu mélòó kan. Èyí tó dún gban-an ló dára. Èyí tó dún bọ̀, tó pupa rúsúrúsú, tí etí rẹ̀ ń rún mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má gbà á. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹrù náà dáadáa, torí eruku òkúta máa ń pọ̀ níbẹ̀, owó òkúta lẹ sì san.

Tí òkúta bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ tò ó nípọn tó 60. Kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí odò náà fẹ̀ ní mítà 2 fún mítà 1 tó ga. Aṣọ geotextile, ìyẹn aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tó ń dá iyẹ̀pẹ̀ dúró, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ òkúta. Láìsí i, omi á máa fa iyẹ̀pẹ̀ gba àárín òkúta jáde, gbogbo rẹ̀ á sì rì. Ẹ má da òkúta láti òkè, aṣọ á ya. Ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni omi ti ń kọ́kọ́ jẹ: ẹ gbẹ́ kòtò síbẹ̀, kí ẹ sì to àwọn tó tóbi jù sínú rẹ̀.